Obìnrin Tulcea tí Mo Dínà Mọ́

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Bàbá tún fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ nítorí obìnrin ìlú Tulcea kan tí wọn ò fojú rí rí! Aglaia. Orí sáìtì àwọn àgbà tó ń wá ẹnì kejì ni wọ́n ti pàdé. Mo ní, "Bàbá, gbájúẹ̀ ló kún ibẹ̀ o." Wọ́n ní, "Smaranda, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, eyín?"

Ọjọ́rú, 5
Mo ti ṣe é. Bàbá lọ ra búrẹ́dì, mo wọ inú ẹ̀rọ Wi-Fi, mo yọ nọ́mbà DNS tó ń júwe ọ̀nà sáìtì fún gbogbo ẹ̀rọ ilé wa. Mo fi òmíràn sí i – èyí tí kì í júwe ọ̀nà sáìtì olólùfẹ́ fún ẹnikẹ́ni.
Ire wọn ni mo ń wá.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò ṣí fún wọn. Mo ní bóyá sáìtì náà ti kógbá wọlé. Irọ́.

Àìkú, 9
Irùngbọ̀n ti hù. Ọbẹ̀ borș tutù síwájú wọn.

Ẹtì, 14
Bàbá ní, "Á máa rò pé mo sá ni. N ò tiẹ̀ gba nọ́mbà fóònù rẹ̀." Mo ní kí wọ́n lọ sí àdúgbò tó júwe fún wọn nígbà kan. "Kí n kàn yọ sí obìnrin lẹ́nu ọ̀nà láìpè?"
Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Ajé, 17
N ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo dá nọ́mbà àtijọ́ padà. "Bàbá, ó ti ṣí!" Bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi sáré wá.
Iṣẹ́ tí Aglaia fi sílẹ̀ pọ̀. Èyí tó kẹ́yìn: "Haralambie, mo ní ẹ wá pàdé mi létí odò Danube ní Brăila yín ní Sátidé. Mo wá. Mo dúró títí. Ẹ ò dáhùn, ẹ ò yọjú – ó ti yé mi. Mo ń lọ bá ọmọ mi ní Sípéènì. Ẹ máa tọ́jú ara yín."
Mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bàbá kàn wò mí. "Ìwọ?"

Ọjọ́rú, 19
Aglaia ò fèsì iṣẹ́ tí Bàbá fi ránṣẹ́, ni wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tulcea láìsọ fún mi. Wọ́n padà dé nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn Màmá Aglaia ti wà ní títì. Aládùúgbò ní àná ni wọ́n lọ.
"Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò Danube bíi tiwa," Bàbá ní. "A ti jọ ń wo omi kan náà látọjọ́ yìí."
Wọn ò bú mi. Wọn ì bá kúkú bú mi.