Ṣúgà Ààwẹ̀

Gàmbàrí, Ìlọrin,
Oṣù Kẹwàá, 1976.

Sálíù àbúrò mi,

Ìyá kí ọ, àwọn bàbá kí ọ, àwọn ìyàwó ilé náà kí ọ. Ẹsẹ̀ Ìyá ṣì ń wú. Yàrá rẹ ń jò, mo ti kó ẹrù rẹ sọ́dọ̀ mi. Ó rẹ̀ mí.

Mo gbé ìwé ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ láti yunifásítì dé ogójì ojúlé, tiwa pẹ̀lú. O ní kí n bi wọ́n bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró lẹ́yìn ilé wa ń ṣe dáadáa sí aráàdúgbò. Gbogbo wọn ló ní ó ń ṣe dáadáa. Má gbà wọ́n gbọ́. Omi aró ti ba kànga wa jẹ́, odò la ti ń pọnmi báyìí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà pín ṣúgà fún wa nínú ààwẹ̀, a sì fi mu ògì nígbà ìṣínu. Ta ni yóò wá fi ẹnu yẹn kan náà bú wọn?

Mo bi Ìyá náà, bó ṣe ti odò dé, tó sọ garawa kalẹ̀, tó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ pé wọ́n dára."

Mo ní, "Ìyá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Rámátù, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ mìíràn ń bọ̀."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Jọ̀ọ́, wá oògùn ẹsẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Ìyá. Kí Ọlọ́hun fi alúbáríkà sí ẹ̀kọ́ rẹ. Ogójì ìdáhùn ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ka lẹ́tà mi mọ́ wọn, kó di mọ́kànlélógójì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Rámátù.