Kámẹ́rà Tí Wọ́n Fi Wo Àpò Ìtọ̀ Mi

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀,
                                        Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹta.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn, èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀. O ṣáà mọ àwa awakọ̀, a kì í ṣíná mọ́tò láìkọ́kọ́ tọ̀. Bí mo ṣe tọ̀ gbẹ nílé nìyẹn. Mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì na ike kékeré sí mi, ó ní ìtọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Ìtọ̀ dà? Mo jókòó, mo ń da omi mu, ife lórí ife. Ìyàwó mi tó sìn mí lọ rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

Má jẹ́ kí àwọn ará gáréèjì dẹ́rù bà ọ́, wọn ò la inú èèyàn. Wọ́n fi oògùn kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sójú ibi tí ìtọ̀ ń gbà, ibẹ̀ kú, wọ́n wá ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu wọlé. Ó ta mí díẹ̀. Wọ́n da omi sínú àpò ìtọ̀ kó lè fẹ̀, ó wá ń ṣe mí bíi kí n tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ rárá, ojú mi sì là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìtọ̀ ń ta mí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n máa mu omi, ó sì lọ. Àmọ́ bí ibà bá dé, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, kí n sáré padà wá.

Jẹ́jẹ́, wọ́n rí nǹkan. Dókítà fi hàn mí lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ẹran pupa kan ló hù síbẹ̀. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo mọ́tò onímọ́tò tó dákú lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Èmi ń béèrè ibi tí mo bọ́ bàtà mi sí. Títí di ìsinsìnyí, n ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Oúnjẹ ò dùn, kò sì korò.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa gé e. Dókítà ní ká ní mo wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú ìtọ̀ mi ni, kékeré ni ì bá ṣì jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò dùn mí, ó sì lọ fúnra rẹ̀, mo ṣe bí ó ti tán ni.

Ohun tí ìwọ náà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn: pé o rí ẹ̀jẹ̀, kò dùn ọ́, ó ti lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń fi fèrè lé ọ lójú ọ̀nà, wàá ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ o, bàbá onífẹ̀sọ̀, èyí kì í ṣe ti ìfẹ̀sọ̀. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì, ó ti fi àyè àyẹ̀wò sílẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ Ajé kan náà. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni èmi máa wà, n ò ní lè tẹ fèrè fún ọ.

Bá mi kí ìyá wa, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni, ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu,
Fèrè.

Má tọ̀ kí o tó kúrò nílé o.