Òróró Lára Dígí Lésà

Surulere, Èkó.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara rẹ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun ní Sábó níbẹ̀ yẹn, àbí bisikíìtì náà lo ṣì ń jẹ sùn? Ara tèmi le, a dúpẹ́, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta láti pè ọ́, ẹnu mi kò gbà á, ni mo fi mú bíírò.

Rántí ọjọ́ Ẹtì tí mo gbé mọ́ínmọ́ín wá bá ọ ní yàrá ìwádìí yín ní Yaba. O ní oṣù mẹ́ta gbáko lẹ ti ń tan lésà sí àwọn átọ́ọ̀mù, wọn kò gbọ́ràn. O ní bí ìgbà téèyàn ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà ni: ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá átọ́ọ̀mù lásìkò gan-an, fìrí báyìí, kó tó lè bọ́ láti ipò kan sí òmíràn. Àánú rẹ ṣe mí. O ti rù.

Nígbà tí o jáde lọ gba ìpè, mo yọ òróró àdúrà inú báàgì mi, mo fi ṣe àmì àgbélébùú sára àwọn dígí kéékèèké tó ń darí ìmọ́lẹ̀ náà. Mo ní, "Olúwa, pàṣẹ fún wọn." Háà, èmi Àrìnpé! Olùkọ́ ọdún márùndínlógójì! Mi ò mọ̀ pé ìka ọwọ́ lásán pàápàá kò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé lo pè mí pé lésà ti jó dígí, pé wọ́n rí ọ̀rá tó fà á lára rẹ̀, pé Muadh tó máa ń nu àwọn dígí náà ni wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó ṣe é, o ṣe àmín. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òróró sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbé e mọ́ra.

Mo mọ̀ pé àlejò kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn, pé ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n sì lè lé ìwọ náà. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé mo wọlé, Motúnráyọ̀, o kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ọmọ ọlọ́mọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lọ́la ni mo ń lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀, ọ̀gá yín, yálà o bá mi lọ tàbí o kò bá mi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń rán ẹnìkan mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lónìí.

Kí Ọlọ́run dúró tì ọ́. Ojú kò ní tì ọ́ kalẹ́, kódà bí ó bá tì ọ́ lọ́la.

Èmi ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Àrìnpé

Àfikún: Mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá Muadh ní Pápá Àjàó láàárọ̀ yìí, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú rẹ̀, kò bú mi. Ó ní ọmọ náà fi Kùránì búra pé òun kọ́, ṣùgbọ́n òun ìyá rẹ̀ kò gbà á gbọ́.