Firmin Lacrouts (1962–2024), Ẹni Tí Ó Sọ Ọ́ Lójú Gbogbo Ayé

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kínní, ọdún 2024, Firmin Lacrouts kú ní ilé rẹ̀ ní Castelmoure. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ rọ́gbì ìlú yìí kọ ọ́ pé ogbó ló pa á. Ẹbí rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí a fi kọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin tí ẹ wá sin ín.

A bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1962, ní abúlé yìí kan náà, láàárín àwọn igi páìnì agbègbè Landes ní ilẹ̀ Faransé. Aurélien tí ń gba oje igi ni bàbá rẹ̀. Clémence tí ń sin pẹ́pẹ́yẹ ni ìyá rẹ̀. Honoré ni àkọ́bí wọn, Firmin ni àbíkẹ́yìn. Ó kàwé dé girama ní Dax, kò kọjá ibẹ̀, nítorí pápá ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1980 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá rọ́gbì fún ẹgbẹ́ Castelmoure, ní ìlà iwájú, níbi tí orí ti ń kọ lu orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé korobá omi àti kànìnkànìn. Bí Firmin bá ṣubú tí ojú rẹ̀ ṣú, Honoré á sáré wọlé, á fún omi tútù sí i lórí, á bi í pé, "Kí lorúkọ ìyá wa?"

"Clémence."

"Àwọn wo là ń bá gbá?"

"Àwọn ọ̀lẹ kan báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kúrò lọ́nà mi jàre."

Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, yóò sì padà sínú eré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo pápá ilẹ̀ wa. Ìtọ́jú ni a pè é.

Láti ọdún 1984 sí 1991, ó wọ aṣọ búlúù ẹgbẹ́ rọ́gbì ilẹ̀ Faransé nígbà mẹ́tàlélógún. Ó fẹ́ Odile Saubusse ní oṣù Kẹfà ọdún 1987, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a wà yìí. Lẹ́yìn náà, Kérésìmesì nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì ń rí i; a kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ní ọdún 1993, tẹlifíṣọ̀n kan ní Paris gbà á láti máa sọ̀rọ̀ lórí eré. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, á ní, "Ẹ bu omi sí i, á dìde!" Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ife. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, agbábọ́ọ̀lù ẹni ogún ọdún kan ṣubú, kò mira. Ẹni tí òun àti Firmin jọ ń sọ̀rọ̀ lórí eré náà ń retí ọ̀rọ̀ omi yẹn. Firmin ní, "Ẹ gbé e jáde. Omi kì í wo ọpọlọ sàn. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Èmi alára kì í rántí ọ̀nà ilé mi mọ́."

Nígbà tí sáà eré náà parí, tẹlifíṣọ̀n náà kò pè é mọ́.

Nílé níbí, Ọ̀gbẹ́ni Pébarthe, ààrẹ ẹgbẹ́, pàdé rẹ̀ ní ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ pápá. "Firmin, o mà ti di ará Paris! Ṣé orí òwú ni wọ́n fún ẹ lọ́hùn-ún ni?"

"Orí mi àtijọ́ náà ni, Ààrẹ. Ẹ̀yin lẹ lò ó gbó."

Ní ọ̀sẹ̀ náà wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri ilé ọtí náà.

Ní ọdún 2018, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè kọ orúkọ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé pé bí òun bá kú, kí àwọn dókítà yẹ ọpọlọ òun wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí. Ní ọdún 2021, níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Honoré pé ta ló kú.

Nígbà tí ó kú, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi àsíá àwọn bo pósí rẹ̀. Ẹbí dúpẹ́. Ẹbí kò gbà.

Firmin, kí Ọlọ́run fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gba orí rẹ.

Ó fi ìwọ̀nyí sílẹ̀: Odile, aya rẹ̀, Maylis àti Bastien, àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń gbá rọ́gbì, pẹ́pẹ́yẹ mọ́kànlá, àpò lẹ́tà kan tí àwọn ènìyàn kọ sí i, tí kò lè kà mọ́, ọpọlọ rẹ̀, ní yàrá àyẹ̀wò ní Bordeaux, àti ẹ̀gbọ́n kan, tí ń dúró de èsì.