Orúkọ Tí Wọn Yóò Kọ Sára Pósítà

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá, 1996

Kì í ṣe kíláàsì kọ̀ǹpútà tí mo sọ fún ọkọ mi ni mò ń lọ ní gbogbo Thursday. Ijó burlesque ni mò ń kọ́ ní District Heights lókè òkun níbí, ijó tí obìnrin fi ń bọ́ aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìtàgé.

Lónìí ni mo jó lọ síwájú pẹpẹ fún ọpẹ́ ọjọ́ ìbí mi. Ọkọ mi dìde láàárín àwọn díákónì, ó gbá mi lápá mú. "Ìyá Bísí, lọ jókòó jàre! Ìdí arúgbó wo lò ń jù yìí? Ta ló fẹ́ wò ó?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo sì jókòó.

Bóyá òótọ́ ló sọ. Orúnkún mi ń dún. Ìbọ̀wọ́ lásán tí a kọ́kọ́ ń bọ́ nínú ijó náà, mi ò tíì lè bọ́ ọ kó má há sí mi níka.

Ṣùgbọ́n Miss Ruby tó ń kọ́ wa ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, àwọn èèyàn sì ń tò láti wò ó. Ó ti ń bi mí tipẹ́: "Sister, orúkọ wo ni ká fi pè ọ́ lórí ìtàgé, ká kọ ọ́ sí pósítà eré wa?"

Lọ́la, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, màá lọ sọ fún un pé kó kọ "Mama Deacon", orúkọ tí gbogbo ìjọ ń pè mí nítorí ipò ọkọ mi. Kó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba.