Ọkọ̀ Tí Wọ́n Lẹ̀ Pa Kí Iná Tó Tàn

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníná, opó Gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyá ọmọ mẹ́ta, ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe pátákó oníná fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, lọ́yà mi ló ń kọ ọ́. Orí mi pé. Ọpọlọ mi jí pépé. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, kì í ṣe làákàyè mi, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Lọ́yà ní a kì í fi ìbínú sọ̀rọ̀ nínú ìwé òfin. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àbí kó gbé bíírò rẹ̀ kó máa lọ. Ó ń kọ ọ́.

Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti ṣe ṣáájú eléyìí, mo fagi lé e.

Àbúrò mi ọkùnrin, Aránṣọ, ni mo yàn ṣe alámòójútó ogún mi. Nínú gbogbo ẹbí, Aránṣọ, ìwọ nìkan ni kò sọ fún mi pé kí n fojú fo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ. O kàn dákẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló bà ọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà tó mi.

1. Ilé tí mo ń gbé, àti ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ tó kọjú sí títì, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba: Tíṣà tó jẹ́ àkọ́bí mi obìnrin, Kíákíá tó jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, àti Àbígbẹ̀yìn, àbúrò wọn obìnrin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì fẹ́ gbé inú rẹ̀. Kíákíá, ìwọ ni mo ń bá wí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa bá ènìyàn ta ilé. Ta ti ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíákíá. Láti kékeré ló ti máa ń wọ bàtà kó tó wọ ṣòkòtò, tí ṣòkòtò á wá há sórí bàtà, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ kúpúkúpú káàkiri pálọ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀rín náà ti tán lọ́dọ̀ mi.

2. Irin tí mo fi ń jó wáyà pọ̀, àwọn ẹ̀mú kéékèèké, míta tí mo fi ń wò bóyá iná ń kọjá, àti àpótí àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí kò tó hóró ìrẹsì, mo fi wọ́n fún Àbígbẹ̀yìn tó ń tún fóònù ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù tèmi lọ báyìí.

Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí òun náà, kó gbọ́ ọ níbí. Ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi ayùn la ọkọ̀ kékeré orí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ìpín kẹrin yóò sọ. Ó ní Kíákíá ẹ̀gbọ́n òun ló lẹ̀ ẹ́, òun ò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda, kó má di pé òun ń wá ìjà. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn! Ẹ̀gbọ́n ò gbàṣẹ lọ́wọ́ èmi ìyá rẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́, àbúrò ní òun máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kó tó là á. Ìwà ọmọlúàbí yìí ló fẹ́ pa mí.

3. Àkàbà mi gígùn wà lọ́wọ́ Oníkẹ́míìsì tó wà lódìkejì títì. Ó yá a lọ láti fi kun ilé, ó ti kun ilé tán, ọ̀dà náà tún ti ń bó, àkàbà ò tíì dé. Kí Aránṣọ lọ gbà á. Bí ó bá ní òun ti dá a padà, irọ́ ló ń pa, kó wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sá aṣọ lé e lórí. Ajá mi, Fíùsì, kó máa bá Tíṣà lọ. Tíṣà fẹ́ràn ẹni tí kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ajá náà sì mọ bí a ti ń fetí sílẹ̀.

4. Ó kan ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí mò ń wí ni èyí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀. Ọkọ̀ ojú sánmà ni, bíi ti inú eré tẹlifíṣọ̀n kan tí èmi àti bàbá wọn kì í fi ṣeré, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń gbé e láti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó tíì kan irú rẹ̀ láyé. Àwa kan kékeré rẹ̀, tó gùn tó apá ènìyàn, láti inú àwọn ike pẹlẹbẹ tó ń ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ pátákó. Bàbá wọn ló ń gé ike, òun ló ń fi omi gbígbóná mú un rọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́. Èmi ni mo ni iná. Ó fi dírììlì tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ lu ojú fèrèsé sí i lára yíká. Bó bá ti ń lù ú ni yóò máa fẹ́ ìyẹ̀fun ike dànù, ojú mi ló sì máa ń fẹ́ ẹ sí. A máa ń jà lórí ìyẹn. A jà lórí àwọ̀ iná pẹ̀lú: ó fẹ́ búlúù, mo ní kí iná pọ́n díẹ̀, nítorí ẹni tí yóò gbé inú ọkọ̀ títí yóò fi darúgbó, iná tó jọ ti ilé ni yóò máa wá. Ó kùn, ó kùn, ó gbà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Òfin méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọmọ kan nínú ilé mi tó lè ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ike kì í dá iná dúró, torí náà a ó fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀ kí a tó kun ìta. Bí inú kò bá dúdú, gbogbo ara ọkọ̀ ni yóò máa tàn bí ìgò àtùpà, kò ní jọ pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú fèrèsé yọ. Èkejì ni pé a kì í lẹ̀ ẹ́ pa kí a tó tan iná. Tàn án, pa á, tún un tàn, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi sú ọ, kí o tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Wáyà tó bá kọ iṣẹ́ nínú ohun tí a ti lẹ̀ pa, ta ni yóò dé ibẹ̀?

Ní iwájú ọkọ̀ náà, lẹ́yìn fèrèsé ńlá, bàbá wọn kọ́ yàrá kan sí i. Kò sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ nínú eré. Tábìlì kan, àga méjì, àti ènìyàn méjì tó fi igi gbẹ́, tí wọn kò tó èékánná. Ọ̀kan gbé ìgúnpá lé tábìlì. Èkejì kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní èmi nìyẹn. Ikú mú un kí n tó fa iná dé yàrá náà, nítorí náà n kò tíì rí i kó tàn rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ rí kí n tó fi ayé sílẹ̀ nìyí. Ẹ má fi ọmọ-ọmọ tàn mí, ẹ má fi ìsinmi tàn mí. Ọkọ mi àti èmi nídìí tábìlì yẹn, pẹ̀lú iná, ni mo fẹ́ rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fa iná débẹ̀ fúnra mi, ojú mi ti ń ṣú nígbà náà. Ó kù kí n kun apá ìsàlẹ̀ ní dúdú, kí n sì tàn án wò, ni dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, apá òkè lọ́tọ̀, apá ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Mo da aṣọ bò ó. Mo sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Kíákíá, o fọwọ́ kàn án. O ní o fẹ́ kí n ti ilé ìwòsàn dé bá a ní píparí. O fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù líle yẹn tó ń ta ènìyàn lójú, o ká wáyà tó yẹ kó jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sínú, o fín ọ̀dà funfun sí i, o gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, o so rìbọ́n mọ́ ọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú mi ni, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. O ní, Màmá, mo ti bá yín parí ẹ̀. Tíṣà pàtẹ́wọ́, gbogbo ẹbí bá a pàtẹ́wọ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí gbogbo yín dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ìfẹ́ ni ọmọ fi ṣe é. Ẹ ní ohun ìṣeré lásán ni, kí àgbàlagbà bíi tèmi má tìtorí ike bá ọmọ jà. Tíṣà tilẹ̀ kó àwọn ẹbí wá bẹ̀ mí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fi ìkánjú ba iṣẹ́ bàbá rẹ̀ jẹ́.

Kí n sọ èyí tó ń jó mi nínú jù. O rí wọn, Kíákíá. Kò sẹ́ni tí yóò lẹ apá méjèèjì pọ̀ kó má wo inú. O rí bàbá rẹ níbi tó jókòó sí, o dé e mọ́ òkùnkùn, o wá so rìbọ́n mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bí o bá pè mí, n kì í gbé fóònù. Oúnjẹ tí o bá gbé wá, Fíùsì ló ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, n kò fi ọkọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kú tí kò tíì tàn, kí Aránṣọ fi òòlù fọ́ ọ túútúú, kó sì kó àwọn ènìyàn méjèèjì inú rẹ̀ sínú pósí mi.

5. Lọ́yà ní ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tó ṣe é bá ti kú. Mo gbọ́. Ìpín tèmi yìí kò dúró de ikú. Aránṣọ, tí a bá ti fọwọ́ sí i tán, lọ ka ìpín kẹrin sí Kíákíá létí. Kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó mú ayùn dání, kó fi ọwọ́ tó fi lẹ̀ ẹ́ là á níwájú mi. Bí kò bá wá, ìpín rẹ̀ nínú ilé kò yingin, n kì í fi ilé fa ọmọ létí. Ṣùgbọ́n mò ń bínú sí ọ, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ jù, ó ti wúwo jù, n kò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án: Ìyá Oníná.
Àwọn tó rí i: Aránṣọ, àbúrò rẹ̀, àti Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ìfúnpá rẹ̀, tó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa mú un bínú.

ÀFIKÚN, tí mo sọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àbámẹ́ta náà

Ó wá. Ayùn tó gbé wá, èyí tí wọ́n fi ń gé pákó ni. Mo bi í bóyá òpó iná ló fẹ́ gé. Àbígbẹ̀yìn ló lọ mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wá. Kíákíá jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó, mo sì ń bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Imú ọkọ̀ náà sán. Àbígbẹ̀yìn fa wáyà jáde lójú ibi tó là, a kò tíì ṣí apá òkè, mo tan iná.

Ó burú bí mo ṣe sọ. Apá ìsàlẹ̀ tàn yòò bí ìgò àtùpà, ẹ̀gbẹ́ kan kò tàn rárá, èéfín gọ́ọ̀mù sì ti sọ gíláàsì fèrèsé ńlá di funfun, kò sí ohun tí ojú rí. Mo figbe ta. Kíákíá fi èékánná yọ gíláàsì náà kúrò, ó tẹjú mọ́ inú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ta ni àwọn méjì tó jókòó yìí.

Kò mọ̀. Ó gbé apá òkè bo ti ìsàlẹ̀ bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀, kò wo inú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yàrá wà níbẹ̀. Mo ní, bàbá rẹ nìyẹn. Ó fi ìka kékeré kàn án, ọkùnrin tí ewú ti gba orí rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó wá ní, ẹni tó kọ ẹ̀yìn yìí ńkọ́. Mo ní kí ló rò. Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, Àbígbẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, èmi náà jókòó mo ń wò wọ́n, àti ọkọ mi, pẹ̀lú iná.

N kò tíì dárí jì í tán. Ìkánjú rẹ̀ ṣì ń bí mi nínú, mo sì fẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fagi lé ọ̀rọ̀ òòlù àti ti pósí tó wà ní ìpín kẹrin. Mo fi ọkọ̀ náà fún Kíákíá, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Kó máa wá síbí, kó fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀ níṣojú mi, kó gé gíláàsì mìíràn sí i, kó sì rọra ṣe é. Kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ láé.

Mo fọwọ́ sí i, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án: Ìyá Oníná.
Àwọn tó rí i: Aránṣọ, àbúrò rẹ̀, àti Oníkẹ́míìsì, tó wá dá àkàbà padà.