Abọ́ Màmá Nermin

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Ẹ má rò pé mo dá wà ní Istanbul níbí, mo ti ní ọ̀rẹ́. Màmá Nermin ni wọ́n ń jẹ́, ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tèmi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, wọ́n gbé abọ́ kan wá fún mi. Tàtàṣé tí wọ́n ki ìrẹsì sí nínú ló wà níbẹ̀, dólúmà ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti kọ́ mi ní Àmùkòkò pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo, bí ẹ̀yin àti Màmá Ejiro aládùúgbò wa ṣe máa ń ṣe. Mo wo fídíò lórí fóònù, mo se ọbẹ̀ àwọn ará Tọ́kì kan. Mo bu ata sí i bíi tilé wa, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kẹta, abọ́ náà tún dé pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn. A ò gbédè ara wa, abọ́ yẹn ló ń bá wa jíṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti dá a padà, kò sì tíì padà wá. Dólúmà tí mo fọwọ́ ara mi sè ló wà nínú ẹ̀, ó dùn gan-an. Bóyá wọ́n rìnrìn àjò ni. Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń pa rédíò kí n lè gbọ́ bóyá àwọn ni.

Ẹ bá mi kí Dádì àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí Màmá Ejiro. Tí abọ́ wọn bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá a padà.

Àdúràgbèmí yín